Iṣan Ńlá Tó Ń Wú Nínú Ikùn: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Àgbà Kétu Sọ

(Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Kétu. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí.)

Mo kí ààfin Alákétu. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́. Mo kí ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ wá ṣojú ààfin láàárín wa. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin olórí ẹbí, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fi àtẹ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ọjà á tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró, ẹsẹ̀ kò ní ro yín.

Ọmọ yín ni mí. Kétu níbí ni wọ́n bí mi sí, Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó pè mí síta yìí tàn yín jẹ pé ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ni mí o. N kì í la ikùn, n kì í rán ọgbẹ́. Àwòrán inú ara ni mo ń yà. Àwọn tó ń la ikùn ni aláìsàn ń gbé adìẹ lọ fún láti fi dúpẹ́. Èmi tí mo jókòó sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí mo kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n lọ gé, adìẹ kan ò yà sọ́dọ̀ mi rí. (Ẹ̀rín.) Kò burú.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ jù fún òwúrọ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo yín lẹ ti gbọ́. Ìtọ̀ ṣúgà, rédíò kò sinmi lórí rẹ̀. Èyí tí mo mú wá lónìí, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ ó ń pa èèyàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara ni, tó ń wú nínú ikùn díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní sọ fún ẹni tó ni ín títí di ọjọ́ tí yóò bẹ́. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń tún un ṣe nísinsìnyí láìla ikùn rárá, ọ̀nà tó dára tó sì yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ló lè ṣe fún ẹni tí a kò tètè rí wíwú náà lára rẹ̀? Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n gba ibi ìtàn wọ̀ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Colombey

Nínú ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá 70 ọdún, ta ni kò mọ Jẹ́nẹ́rà de Gaulle tó jẹ ààrẹ ilẹ̀ Faransé? (Àwọn àgbà dáhùn pé àwọn mọ̀ ọ́n.) Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọkùnrin yẹn ní ọ̀tá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, wọ́n dènà dè é ní Petit-Clamart lẹ́bàá Paris, wọ́n rọ̀jò ìbọn lu ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ọta ìbọn fọ́ gíláàsì, ó lu táyà. Kò ba de Gaulle.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1970, ó wà nínú ilé rẹ̀ ní Colombey-les-Deux-Églises. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni 80 ọdún. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n sí aláìsàn. Ó jókòó, ó ń ta káàdì, ó ń retí oúnjẹ alẹ́. Lójijì ló ké pé ẹ̀yìn ń dun òun, ó sì ṣubú lórí àga tó jókòó sí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ ọn lójú. Iṣan ńlá inú ikùn rẹ̀ ló bẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bó bá jẹ́ Kétu níbí ló ti ṣẹlẹ̀, kí la máa wí? (Ohùn láti inú àwùjọ: “Wọ́n ti ta á!”) Wọ́n ti ta á! Àgbà tó jí tó jẹun, tó ń ṣeré, tó ní “ẹ̀yìn mi” tó sì kú, ta ni kò ní sọ pé ọfà ni? A ó máa wo ojú ìyàwó, a ó máa wo ojú àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Èmi kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ayé lè ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárín àwọn ikú òjijì tí a ti ka sọ́rùn ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ ni a kò la òkú rẹ̀ wò rí, tí a kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú jìn.

Iṣan náà àti ohun tó ń ṣe é

Láti inú ọkàn ni iṣan kan ti jáde tí wọ́n ń pè ní aọ́tà. Ó kọ́kọ́ gòkè, ó yí, ó wá sọ̀kalẹ̀ gba inú àyà, ó wọ inú ikùn, ó fẹ̀yìn ti eegun ẹ̀yìn. Bó ṣe ń lọ ló ń ya ẹ̀ka: sí ẹ̀dọ̀, sí ìfun, sí kíndìnrín méjèèjì. Nígbà tó bá dé déédéé ìdodo, ó pín sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì.

Nínú ikùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ògiri rẹ̀ lè rẹ̀ níbì kan, ní pàtàkì lábẹ́ ibi tí ẹ̀ka kíndìnrín ti yà. Ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀. Bó bá ti pé sẹ̀ǹtímítà 3, a ti ń sọ pé ó wú. Bó bá sì ti ń fẹ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà wíwú ló ń bí wíwú.

Ta ló ń ṣe? Ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹni tó ti kọjá 65 ọdún. Ẹni tí bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní in. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo wọn ni sìgá. Sìgá ni. Mo tún un sọ nítorí àwọn tó ń wolẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn: sìgá ni. De Gaulle fúnra rẹ̀ mu ún gan-an, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 1947, ọdún 23 kí iṣan yẹn tó bẹ́. Nítorí náà ẹni tó sọ fún mi pé òun ti fi sìgá sílẹ̀ tipẹ́, mo kí i kú oríire, ṣùgbọ́n n kò ní yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé mi. Ẹni tó sì ń mu ún lọ báyìí, bí ó bá ní wíwú yìí, tirẹ̀ ń yára ju ti ẹni tó ti jáwọ́ lọ.

Ohun kan wà tó ń ya àwa oníṣègùn pàápàá lẹ́nu: àwọn onítọ̀ ṣúgà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in tó àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ lọ máa bu ṣúgà lá nítorí ìyẹn o.

Ṣé ó máa ń dunni? Kì í dunni. Ẹlòmíràn lè dùbúlẹ̀ kí ó fọwọ́ lé ikùn, kí ó máa gbọ́ ohun tó ń mí lọ mí bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ọkàn ṣe ń lù. Ọ̀pọ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá di ìrora tó le, ní ikùn, ní ẹ̀yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, tí òógùn tútù ń bò ó, tí òyì ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Nínú èèyàn 10 tí iṣan yìí bẹ́ sí nínú, nǹkan bí 8 ló ń kú, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní dé ilé ìwòsàn. Láti Kétu dé Kútọnu ju kìlómítà 100 lọ. Ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi òrí wọ́ ẹ̀yìn fún àgbà: làkúrègbé wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkùnrin àgbà lójijì, tí òógùn tútù sì ń bò ó, kì í ṣe ti òrí. Mọ́tò ni kí ẹ wá.

Bàbá olùkọ́ láti ìhà Pobè

Bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìntì. Ìtọ̀ ló ń dà á láàmú, kì í jẹ́ kó sùn lóru. Dókítà rẹ̀ ní kí n yẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ wò. Mo yẹ ibi tí wọ́n ní kí n yẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà mi ni pé bí mo bá ti gbé ẹ̀rọ lé ikùn ọkùnrin tó dàgbà, mo máa ń gbé e gòkè díẹ̀ kí n wo aọ́tà, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ.

Bàbá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo dákẹ́. Ó ní, “Dókítà, kí lẹ rí?”

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti mu sìgá rí?”

Ó ní òun mu ún nígbà tí wọ́n rán òun lọ kọ́ni ní Natitingou, ọyẹ́ ibẹ̀ ló fà á. Mo bi í pé ọyẹ́ náà pẹ́ tó ìgbà wo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó pẹ́ títí òun fi padà sílé, ó sì tẹ̀ lé òun wálé.

Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 6 ni mo rí lára bàbá yìí. Ìrora kankan kò sí. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí mo ń sọ yìí, ẹ̀kógráfì ni. Ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún ni. Wọ́n á fi nǹkan tó ń yọ̀ pa yín níkùn, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ rìn lórí rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọkùnrin ni ìjọba ń fi ìwé pè fún un ní ọdún tó bá pé 65. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún dókítà ni pé kí ọkùnrin láti 65 dé 75 tó ti mu sìgá rí ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan! Ẹni tí tirẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 3 nígbà tó pé 65, wọn kì í tún pè é mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó wà láàárín 3 sí 4.4, wọ́n ń wò ó lọ́dọọdún. Èyí tó wà láàárín 4.5 sí 5.4, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá pé 5.5, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ti obìnrin, ọ̀pọ̀ dókítà kì í dúró dé ibẹ̀, 5 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, nítorí pé tiwọn ń tètè bẹ́.

Ẹnì kan á ní, kí ló dé tí a kì í tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ tó bá ti wú? Ìdí ni pé bó bá ṣì kéré, ewu iṣẹ́ abẹ ju ewu pé kí ó bẹ́ lọ. Ìyẹn kò sọ pé kí a má mọ̀ pé ó wà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tó mọ̀ pé tòun jẹ́ 4, ó ń jáwọ́ nínú sìgá, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò tún lọ wò ó.

Aṣọ, abẹ́rẹ́ àti òwú

Mo rí àwọn télọ̀ níbí. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ọ̀rọ̀ yín ni.

Ní Paris, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1951, dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Dubost gé ibi tó wú kúrò lára aọ́tà aláìsàn, ó sì fi iṣan tí wọ́n yọ lára òkú rọ́pò rẹ̀. Ó ṣe é yọrí. Ṣùgbọ́n níbo la ti máa rí òkú tó pọ̀ tó? Ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, Michael DeBakey ń ronú ohun kan náà. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní aṣọ rírán láti kékeré. Ó lọ sí ilé ìtajà láti ra aṣọ náílọ̀n, wọ́n ní ó ti tán, àfi irú tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Dacron. Ó rà á, ó gbé e délé, ó jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó rán an bí ọ̀pá tó ní ihò nínú. Irú aṣọ yẹn náà ni wọ́n ń fi tún aọ́tà ṣe títí dòní.

Kí ni wọ́n ń ṣe kí ìyẹn tó dé? Einstein, ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, ní wíwú yìí. Ní 1948, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Rudolf Nissen la ikùn rẹ̀, ó fi séláfénì, ọ̀rá tó mọ́ gaara yẹn, wé iṣan náà, kí ara lè ta koko yí i ká. Einstein lo ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó wá bẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1955, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó kọ̀. Ẹni 76 ọdún ni nígbà tó kú.

Iṣẹ́ abẹ yìí tóbi. Wọ́n á la ikùn láti abẹ́ àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo, wọ́n á kó ìfun sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á fún iṣan lókè kí ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n tó rán aṣọ sínú rẹ̀. Aláìsàn á lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn, á sì tún lo oṣù díẹ̀ nílé kí agbára rẹ̀ tó padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣé ó lè gbà á? Bẹ́ẹ̀, sìgá tó ba iṣan jẹ́ náà ló ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni kò lágbára rẹ̀.

Gbígba itan wọlé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìlú Kharkiv ní Ukraine, ní 1987, dókítà kan tó ń jẹ́ Nikolai Volodos fi aṣọ tó ní irin nínú gba inú iṣan ẹsẹ̀ gòkè dé aọ́tà inú àyà. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, èdè Rọ́ṣíà ni, nítorí náà ó pẹ́ kí àwọn tó kù láyé tó gbọ́. (Ẹni tó bá ní ìmọ̀ tí kò sọ ọ́ sí etí tó yẹ, ẹ rí i bí ó ṣe máa ń rí. Òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn kí n máa wá sílé wá sọ ọ́ lédè wa.) Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1990, ní Buenos Aires ní Ajẹntínà, Juan Parodi ṣe irú rẹ̀ fún aọ́tà inú ikùn. Aláìsàn rẹ̀ jẹ́ ẹni 70 ọdún tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ ńlá. Ó fi irin tó rí bí àwọ̀n tí ọmọ ìlú rẹ̀ kan, Julio Palmaz, ti ṣe mú aṣọ náà dúró. Ní 1999, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé sikánà, ẹ̀rọ ńlá tí aláìsàn ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀, ló ń ṣáájú. Wọ́n á wọn gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà: ọrùn iṣan lókè wíwú, ẹ̀ka kíndìnrín, ibi tó ti pín sí méjì, iṣan itan. Bí ẹ ṣe máa ń dúró kí télọ̀ wọ̀n yín náà ni, nítorí ṣòkòtò gan-an ni ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀ fún aọ́tà: ìbàdí kan, ẹsẹ̀ méjì. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ poliẹ́sítà tàbí irú rẹ̀, egungun rẹ̀ sì jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun. Sítẹ́ǹtì aláṣọ ni mo ń pè é.

Wọ́n lè fún aláìsàn ní oògùn oorun, wọ́n sì lè má fún un, kí wọ́n kàn pa ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú. Níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n á lu ihò kékeré tàbí kí wọ́n gé ibẹ̀ díẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba ibẹ̀ wọ inú iṣan, á gòkè, dókítà á máa wò ó lórí ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara bó ṣe ń lọ. Wọ́n á ti omi kan sínú iṣan tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ hàn dúdú nínú àwòrán. Sítẹ́ǹtì náà wà nínú ọ̀pá rọ́bà kan, a ti ká a, a ti fún un mọ́ra. Nígbà tó bá dé ibi tó yẹ, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ka kíndìnrín gẹ́lẹ́, wọ́n á fa ọ̀pá rọ́bà sẹ́yìn, sítẹ́ǹtì á sì là fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àdàlù irin níkẹ́lì àti títéníọ̀mù. Irin yẹn ń rántí bó ṣe rí kí wọ́n tó ká a, ooru ara sì ń jẹ́ kí ó padà sí i. Ẹsẹ̀ kejì ń kọ́? Itan kejì ni ó ń gbà wọlé, wọ́n á so ó mọ́ èkíní nínú ara níbẹ̀. Wọ́n á fi bàlúùnù kékeré kan fẹ̀ ẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri.

Láti ìgbà náà, inú aṣọ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ibi tó wú ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò tì í mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ń sún kì díẹ̀díẹ̀.

Aláìsàn á jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ti padà sílé. Bàbá olùkọ́ tí mo ń sọ, ọmọ rẹ̀ kan wà ní Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún un. Nígbà tó dé, ó fi ibi tí wọ́n gbà wọlé hàn mí ní itan. Mo wá a tì. Ó ní, “Ẹ wo dókítà tó rí inú, tí kò rí òde.”

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í tètè sọ

Ẹ jẹ́ kí a dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń kéde ohun tuntun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan, EVAR 1 ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì: wọ́n la ikùn àwọn kan, wọ́n fi sítẹ́ǹtì ṣe ti àwọn kejì. Láàárín ọjọ́ 30, àwọn tó kú nínú àwọn tí wọ́n là fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 nínú 100. Nínú àwọn onísítẹ́ǹtì, wọn kò tó 2. Ó dára tàbí kò dára? Ó dára. Èyí wà nínú ìwé ní 2004, ariwo sì ta.

Wọn kò dáwọ́ dúró, wọ́n ń ka àwọn èèyàn náà lọ fún ọdún 15. Ní 2016 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àǹfààní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò pẹ́ tí ó fi parẹ́. Lẹ́yìn ọdún kẹjọ, àwọn onísítẹ́ǹtì ló wá ń kú jù, àwọn kan nínú wọn sì kú nítorí pé wíwú tí a ti bò tún padà bẹ́. Kí ló fà á? Sítẹ́ǹtì lè yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè jò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ̀ka kékeré kan máa dá ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn aṣọ. Ara kì í dun aláìsàn bó bá ń ṣẹlẹ̀, àwòrán nìkan ló ń fi hàn.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ṣe sítẹ́ǹtì fún ti di oníbàárà èmi ayàwòrán títí ayé. Lọ́dọọdún, sikánà tàbí ẹ̀kógráfì. Bàbá olùkọ́ kì í gbàgbé. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló fi ṣe àmì. Ẹlòmíràn á sọ pé ara òun ti yá, kí ni òun tún ń wá lọ síbẹ̀. Èmi gbà pé ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní lè máa padà wá, tó ṣì lágbára, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀ jù, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè iṣẹ́ abẹ àtijọ́ dáadáa kí ó tó sọ pé ti tuntun ni òun fẹ́. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rán lágbára, kì í sábà béèrè nǹkan mọ́. Àgbà tí kò lè gba iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n sábà ń ronú sítẹ́ǹtì fún. Kì í sì í ṣe gbogbo iṣan ló gba ṣòkòtò: bí ọrùn rẹ̀ bá kúrú jù lábẹ́ kíndìnrín, ìbàdí kò ní dúró, àfi kí wọ́n rán èyí tó ní ihò fún ẹ̀ka kíndìnrín, ìyẹn sì tún le jù. Omi tí wọ́n ń ti sínú iṣan náà lè da kíndìnrín láàmú, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú.

Ìbéèrè

Ìyá kan dìde, ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin lò ń sọ. Àwa ń kọ́?” Ìyá, ẹ ṣeun. Ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin, ṣùgbọ́n obìnrin ń ní in. Bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá kú ikú tí mo ṣàpèjúwe yẹn, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín ti mu sìgá rí, ẹ sọ fún dókítà. (Ìyá náà ní tábà ni òun ń fín. Àwùjọ rẹ́rìn-ín. Mo ní a ó sọ̀rọ̀ tábà lọ́tọ̀.)

Bàbá kan bi mí ní iye owó. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Bàbá, ó wọ́n. Sítẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ wọ́n ju aṣọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán sínú lọ fíìfíì, èèyàn sì lè máa wá ilé ìwòsàn tó ń ṣe é jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kógráfì kò wọ́n bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń sọ bóyá ẹ nílò èyí tó wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo ń yẹ̀ wò ni kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ má tíì ta ilẹ̀.

Ẹnì kẹta, ọlọ́kadà tí a ń pè ní zẹ́mì ni, ó béèrè bóyá ẹni tí wọ́n ṣe sítẹ́ǹtì fún lè tún gun ọ̀kadà. Ó lè gùn ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí dókítà bá fún un láyè. Kí ó má gbé àpò sìmẹ́ńtì lákọ̀ọ́kọ́. Ó tún béèrè ohun mìíràn tí mo dá a lóhùn sí etí.

Ó ti tó. A ti kéde láti ọjọ́ Jímọ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò má jẹun láàárọ̀ yìí, nítorí afẹ́fẹ́ inú ìfun kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ríran. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá, ó wà nínú yàrá tó wà lápá òsì yín. Ọkùnrin tó ti pé 65 tó ti mu sìgá rí ni kí ó kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn wọn ni ẹni tí irú ikú yẹn ti ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ tú agbádá sílẹ̀ lóde, yàrá náà kéré. Bàbá tí mo rí tó ń jẹ àkàrà nígbà tí mo ń wọlé, ẹ̀yin ẹ wá lọ́la ní aago 7.